Hẹ́níà mi kò dùn mí: kí ni mo fẹ́ lọ wá lábẹ́ ọ̀bẹ?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin ará, ọmọ ọdún 46 ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí nǹkan ti ń yọ kókó níbi tí itan ọ̀tún mi ti pàdé ikùn. Tí mo bá dìde tàbí tí mo wúkọ́, á yọ síta. Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, á wọlé padà. Kò dùn mí. Dókítà ní hẹ́níà ni, kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Àbúrò bàbá mi ṣe tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì padà wá. Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní wọ́n la ti ẹnì kan, appendix (ẹ̀ka kékeré bí ìka tó so mọ́ ìfun ńlá) ni wọ́n bá níbẹ̀. Ṣé irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀? Ohun tí kò dùn mí, ṣé dandan ni kí wọ́n là á?

* * *

Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń dúró ti tábìlì iṣẹ́ abẹ, hẹ́níà sì ni mo bá wọn ṣe jù. Èmi kọ́ ló ń di ọ̀bẹ mú, ṣùgbọ́n ojú mi ló ń rí i tí wọ́n bá ti là á tán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ẹni tó fèsì àkọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Ó ní ìpá lásán ni, omi ló wà níbẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fà á. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń pè ní ìpá. Ọ̀kan ni omi tó gbára jọ yí kórópọ̀n ká. Èkejì ni hẹ́níà: ògiri ikùn ló rọ̀ tó sì já, tàbí ihò tó yẹ kó ti dí láti ìgbà tí a wà lọ́mọ ọwọ́ ni kò dí, ohun inú ikùn wá ń gba ibẹ̀ yọ. Ti omi, ẹ lè fi ìka yín kan òkè rẹ̀ kí ẹ mọ ibi tó parí sí. Tí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i nínú òkùnkùn, iná á là á já. Ti hẹ́níà, ìka kò lè rí òkè rẹ̀, nítorí inú ikùn ló ti ń bọ̀. Lára ọmọ ọwọ́ nìkan ni tọ́ọ̀ṣì ti ń tan ni jẹ, torí ìfun ọmọ fẹ́lẹ́, iná á la òun náà já.

Tiyín tó ń wọlé bí ẹ bá ti dùbúlẹ̀, kì í ṣe omi. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ gún un, ìfun ló máa gún.

* * *

Ìbéèrè yín gan-an wá dà? Mo ti ka gbogbo èsì tó wà lókè. Àwọn kan ní kí ẹ sáré lọ kó tó pa yín. Àwọn mìíràn ní ohun tí kò bá dun ni, kí a má fọwọ́ kàn án. Mi ò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì.

Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Ọkùnrin 720 tí hẹ́níà wọn kò dùn, tàbí tó kàn ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀, ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan, wọ́n ní kí àwọn yòókù máa ṣọ́ ara wọn. Láàárín àwọn tó ń ṣọ́ra, kò pé 2 nínú 1,000 lọ́dún kan tí tiwọn há lójijì. Ẹ̀rí nìyẹn pé ẹni tó ní kí òun ṣì máa wò ó kò ya wèrè.

Ṣùgbọ́n kí ẹ ka ìyókù rẹ̀. Kó tó pé ọdún méjì, nǹkan bí 23 nínú 100 wọn ti padà wá ní kí wọ́n bá àwọn ṣe é. Nígbà tó di ọdún kẹwàá, wọ́n ti di 68 nínú 100. Ìrora ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá. Nítorí náà, ẹ lè dúró, àmọ́ ẹ má rò pé ìdúró yẹn á gbé yín dé ọjọ́ ogbó. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun á ṣe é lọ́jọ́ kan, ó sàn kó mú ọjọ́ tí ara rẹ̀ le, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru, tí kò sí ikọ́ lọ́rùn rẹ̀, ju kí ọjọ́ náà wá mú un lóru.

Mo tẹnu mọ́ ọn pé ọkùnrin ni ìwádìí náà wò. Màá dé orí obìnrin àti ọmọdé.

* * *

Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́ nípa appendix. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rí i.

Lóṣù Kejìlá ọdún 1735, ní London, ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan dùbúlẹ̀ níwájú oníṣẹ́ abẹ tó ń jẹ́ Claudius Amyand. Láti kékeré ni hẹ́níà ti wà lára ọmọ náà, ojú egbò kan sì ti lu síta lára itan rẹ̀, ìdọ̀tí ìfun ń gba ibẹ̀ ṣàn. Nígbà tí Amyand la ibẹ̀, appendix ló bá nínú àpò hẹ́níà, píìnì kan tí ọmọ náà ti gbé mì sì ti lu ú já. Ó gé e kúrò, ọmọ náà sì yè. Iṣẹ́ abẹ yẹn ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ tí wọ́n ti gé appendix tí aláìsàn sì là á já. Ẹ rántí pé ó ṣì ku ohun tó lé ní 100 ọdún kí oògùn akunilóorun tó dé. Ọmọ ọdún 11, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere.

Orúkọ Amyand ni irú hẹ́níà bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ títí dòní. Èmi ti rí mẹ́ta. Èkínní, bàbá kan tó lé ní ẹni 60 ọdún ni. Nígbà tí dókítà ṣí àpò náà, appendix rẹ̀ ká jọ síbẹ̀ bí ekòló, ó ń dán, kò wú, kò pupa. Dókítà àgbà àti èyí tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ẹ̀: ṣé kí wọ́n gé e ni àbí kí wọ́n dá a padà? Àríyànjiyàn yìí kò tíì tán láàárín àwọn dókítà. Ibi tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé tó bá ti wú tàbí tó ti bàjẹ́, gígé ni, kí wọ́n má sì fi àwọ̀n (aṣọ oníhò tí wọ́n fi ń dí ibi tó já) sí i lọ́jọ́ yẹn, torí kòkòrò àrùn á sá pamọ́ sínú àwọ̀n. Tó bá jẹ́ pé jẹ́jẹ́ ló jókòó, ọ̀pọ̀ wọn á dá a padà, wọ́n á sì fi àwọ̀n dí ihò náà. Ti bàbá yẹn, wọ́n dá a padà.

Appendix nìkan kọ́. Bàbá àgbàlagbà kan wà tó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé tí òun bá tọ̀ tán, tí òun wá fọwọ́ tẹ hẹ́níà òun, ìtọ̀ mìíràn á tún jáde. Mo sáré lọ sọ fún dókítà, nítorí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí ni pé àpò ìtọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tó ń yọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ lè fi ọ̀bẹ kàn án. Rọ́bà ìtọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́ síta.

Nínú ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún kan, kókó kékeré tó le, tó ń yí lábẹ́ ìka bí ilẹ̀kẹ̀, ilé ẹyin ló sábà máa ń jẹ́. Ó lè lọ́ pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má dé ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ tì í tì í pé kó wọlé ń ṣe ibi fún ọmọ náà.

Àwọn dókítà tún ti bá ilé ọmọ nínú hẹ́níà ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin tó gbó ketekete, tó ní irùngbọ̀n. Kí a tó bí wa, gbogbo wa la ní ohun tó lè di ilé ọmọ. Nínú ọkùnrin, ara máa ń pa á rẹ́ kó tó dàgbà. Nínú àwọn díẹ̀, kò rẹ́. Kórópọ̀n irú wọn sábà máa ń wà lókè, kì í sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá la hẹ́níà wọn ni àṣírí tú.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mi pé, “Ṣebí tí èèyàn bá ṣì ń yàgbẹ́, tó ṣì ń so, kò tíì há nìyẹn?”

Rárá o. Rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣekú pa èèyàn.

Òótọ́ ni pé bí odindi ìfun bá há, ọ̀nà á dí: ikùn á wú, èébì á máa gun èèyàn, ìgbẹ́ àti afẹ́fẹ́ á dúró. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan ìfun nìkan ló máa há sínú ihò. Ọ̀nà kò dí, oúnjẹ ń kọjá, ibi tó há sì ń kú díẹ̀díẹ̀. August Gottlob Richter, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ló ṣàlàyé rẹ̀ yé àwọn èèyàn ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́.

Ìyá kan tó lé ní 70 ọdún bá wa dé lóru. Kókó tó wà lára rẹ̀ kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ó ti lọ sí ibì kan lọ́jọ́ méjì ṣáájú, wọ́n fún un ní oògùn inú rírun, wọ́n ní kó máa lọ sílé, ṣebí ó ń yàgbẹ́. Nígbà tí wọ́n là á, wọ́n fa ìfun náà jáde wẹ́rẹ́. Ó pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ojú ibì kan tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ ti dúdú bí èédú. Mo rẹ aṣọ funfun sínú omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo gbé e fún dókítà, ó fi wé e. Wọ́n fi kún afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ìyá ń mí sínú. A wá ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣí aṣọ náà, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti padà pupa bó ṣe yẹ, ẹ lè rí i bó ṣe ń gbọ̀n bí ìfun tó wà láàyè ṣe ń gbọ̀n. Ojú dúdú yẹn kò yí padà. Wọ́n gé ibẹ̀, wọ́n so ìfun náà pọ̀. Ìyá lọ sílé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Tó bá tún fi ọjọ́ kan jókòó sílé ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá máa kọ síbí.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni èyí tí oníṣẹ́ abẹ kan, Karel Maydl, ṣàlàyé ní 1895. Ọ̀nà méjì ni ìfun gbà wọ inú àpò náà, bíi lẹ́tà W, èyí tó wà láàárín, tó ṣì wà nínú ikùn, ló wá ń kú. Èyí tí dókítà rí nínú àpò lè mọ́ tónítóní kó sì dá a padà, kó rán an, kí aláìsàn máa kú lọ lábẹ́ òwú tó mọ́. Ìdí rèé tí oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ fi máa ń fa ìfun jáde sí i kó lè wo èyí tó wà lẹ́yìn.

Kí ẹni kankan má sì fi tipátipá ti hẹ́níà tó ti há wọlé nílé. Nígbà mìíràn, àti àpò àti ìfun ló máa jọ wọlé, ojú á rí i pé kókó ti lọ, ìfun á sì wà ní híhá síbẹ̀.

* * *

Bẹ́líìtì hẹ́níà: kì í wo hẹ́níà sàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dè é mọ́ra fún ọdún mẹ́fà. Awọ ibẹ̀ le koko, ohun inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn, iṣẹ́ tí ì bá gba ìṣẹ́jú 45 gba wákàtí méjì. Ẹni tí dókítà bá ní ara rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè gbà á bẹ́ẹ̀.

* * *

Ó yẹ kí n dáhùn ti àbúrò bàbá yín, torí òun gan-an ló ń dẹ́rù bà yín.

Hẹ́níà máa ń padà wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe bákan náà fún gbogbo irú iṣẹ́ abẹ. Láyé àtijọ́, wọ́n kàn máa ń fa ẹran ara ọ̀tún àti òsì pọ̀ kí wọ́n rán an. Edoardo Bassini ní Padua, nílẹ̀ Ítálì, ló kọ́kọ́ tún ògiri ẹ̀yìn ibẹ̀ rán bó ṣe yẹ, láti 1884, ayé sì tẹ̀ lé e fún ohun tó sún mọ́ 100 ọdún. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹran ara tí a fà tipátipá kì í sinmi. Ó ń fà, òwú ń gé e, títí yóò fi já. Ní Kánádà, Edward Earle Shouldice fi ìpele mẹ́rin rán tiẹ̀. Ní 1945 ló dá ilé ìwòsàn tó jẹ́ kìkì hẹ́níà sílẹ̀, wọ́n sì ṣì ń ṣe é níbẹ̀ títí dòní, láìlo àwọ̀n fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ló ń ṣe é ní àṣeyọrí o. Ìgbà tó wá di àwọn ọdún 1980, Irving Lichtenstein ní Los Angeles ní kí wọ́n yé fa ẹran ara rárá, kí wọ́n tẹ́ àwọ̀n lé ibi tó já, kí ara fúnra rẹ̀ hù wọnú rẹ̀. Òun ló gbilẹ̀ jù báyìí. Èyí tó tún dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ti kámẹ́rà: ihò kékeré mẹ́ta, wọ́n á tẹ́ àwọ̀n sí ẹ̀yìn ògiri.

Ẹ bi àbúrò bàbá yín léèrè bóyá wọ́n fi àwọ̀n sí tiẹ̀. Tí wọ́n bá ti gba iwájú ṣe é tó padà wá, ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń gbà báyìí, kí wọ́n má baà tún la ibi tí àpá ti di gbogbo nǹkan pọ̀.

Ẹnì kan bínú pé àwọ̀n ẹ̀fọn ni wọ́n ń rán mọ́ èèyàn lára. Kò jìnnà sí òótọ́, kò sì burú bó ṣe rò ó. Ní Ùgáńdà, wọ́n fi àwọ̀n bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò rẹ̀, wé àwọ̀n olówó ńlá lára ọkùnrin 302. Èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹnì kan ṣoṣo ni hẹ́níà padà wá bá nínú àwọn tó gba ti olówó pọ́ọ́kú, kò sí ẹnì kankan nínú àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ má gé àwọ̀n ilé yín lọ fún dókítà o! Irú òwú rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe sè é ló ṣe pàtàkì.

Ohun tó yẹ kí àwọn tó ń yin àwọ̀n máa sọ, tí wọn kì í sọ, ni ìrora tó kù lẹ́yìn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 10 ni ibẹ̀ ṣì ń dùn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yálà wọ́n fi àwọ̀n sí i tàbí wọn ò fi sí i. Ti àwọn tí kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ kéré gan-an sí ìyẹn, àmọ́ wọ́n wà. Iṣan ìmọ̀lára mẹ́ta ló gba ibẹ̀ kọjá, ìkankan nínú wọn lè há sábẹ́ òwú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bó ṣe máa ń tọ́jú àwọn iṣan yẹn. Tó bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹlòmíràn.

* * *

Ẹ̀yin obìnrin tó ń bi mí: ti ọ̀rọ̀ “kí a ṣì máa wò ó” kò kàn yín. Òótọ́ ni pé ọkùnrin 27 nínú 100 ló ń ní in láyé wọn, obìnrin 3 péré. Ṣùgbọ́n lára obìnrin, ohun tí wọ́n pè ní hẹ́níà yìí lè jẹ́ èyí tó ń gba ihò tó wà lókè itan, nísàlẹ̀ díẹ̀. Èyí máa ń yára há gan-an, ojú àti ọwọ́ kì í sì í lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ dáadáa. Ẹ ṣe é lásìkò. Tí kámẹ́rà bá wà, ó dára jù, torí á rí ihò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú, kò sí ìdúró. Tiwọn rọrùn: wọ́n á kàn so ọrùn àpò náà, wọn ò ní fi àwọ̀n sí i rárá.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé pé ti bàbá òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, pé dókítà ní àwọn á kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ kún ikùn wọn, ẹ má sá. Kò tàn yín. Bí ìfun bá ti gbé ìta fún ọdún pípẹ́, ikùn á ti sún kì, kò sí àyè fún un mọ́ nílé. Tí wọ́n bá dá gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan, á ti àyà sókè, bàbá ò ní lè mí. Ará Argentina kan, Goñi Moreno, ló bẹ̀rẹ̀ fífi afẹ́fẹ́ fẹ ikùn díẹ̀díẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ní àwọn ọdún 1940. Àwọn mìíràn ń gún abẹ́rẹ́ tó ń dẹ iṣan ikùn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú.

* * *

Mo rí i tí àwọn kan ní kí èèyàn lo oṣù mẹ́fà láìgbé nǹkan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ta ló kọ́ yín? Àwọn dókítà tó ń ṣe hẹ́níà lójoojúmọ́ ní kí èèyàn dìde rìn lọ́jọ́ náà gan-an, kó padà sí ohun tó ń ṣe bí ìrora bá ṣe gbà á láyè. Ẹ̀rù oṣù mẹ́fà yìí ló ń mú kí àwọn tó ń fi ọwọ́ jẹun máa sá fún iṣẹ́ abẹ, títí tí tiwọn á fi há. Nípa ìbálòpọ̀, ìgbà tí kò bá dùn yín mọ́ ni. Kì í sì í pa nǹkan ọkùnrin.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá ní àárọ̀ yìí. Ó ní láti Ọjọ́bọ̀, kò wọlé tán mọ́ tí òun bá dùbúlẹ̀. Kò dun òun, òun kò bì, òun sì fẹ́ dúró di ìparí oṣù.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dúró. Àwọn 720 tí mo sọ, tiwọn ń wọlé. Tiyín ti kúrò nínú wọn láti Ọjọ́bọ̀. Ẹ lọ lónìí kí dókítà fọwọ́ kàn án, kó sọ bóyá ó lè dúró de ọjọ́ tí wọ́n á fún yín. Ẹ má tì í, ẹ má fi ohun gbígbóná lé e, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró fà á. Ẹ sọ fún wọn ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín kí ẹ tó débẹ̀, tí awọ rẹ̀ pọ́n tàbí tó dúdú, tí èébì bá gbé yín, ẹ má jẹ, ẹ má mu, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tó ní tíátà ni kí ẹ gbà lọ tààrà, kódà bó bá jẹ́ aago méjì òru.

Tí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi.